Ike onídèérí, àpò, ìkọ́ àti ẹ̀mú: èwo ló ń gbé ejò kékeré dé igbó láìfarapa?

Ẹni tó bá wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì láti wá ohun èlò tí a fi ń mú ejò, ẹ̀mú onírin gígùn ni wọ́n á kọ́kọ́ fi hàn án. Ó ń dán, ìdímú rẹ̀ dà bíi ti ìbọn, olùtajà á sì ní kò sí ejò tí kò lè mú. Òótọ́ ni pé ó ń mú ejò. Àmọ́ tí ejò ọ̀hún bá kéré, tí kò gùn ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹ̀mú yìí wà lára ohun tó ń ba ejò jẹ́ jù nínú gbogbo ohun tí a yẹ̀ wò níbí. Ike onídèérí lásán, irú èyí tí àwọn tó ń ta ṣínṣín máa ń kó ọjà wọn sí, ló gba ipò kìíní.

Ìbéèrè méjì péré la fi dá ohun èlò kọ̀ọ̀kan lẹ́jọ́. Ṣé ọwọ́ èèyàn jìnnà sí ẹnu ejò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Ṣé ejò náà ṣì lè fi gbogbo ara rẹ̀ wọ́, kó máa yọ ahọ́n, kó sì lọ wá oúnjẹ rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá tú u sílẹ̀? A ò ka bí ohun èlò ṣe yára sí rárá. Ejò kékeré tó ká sí igun ilé kò ní ibi tó ń sáré lọ, ẹni tó ń kánjú ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí a ń gbé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ejò kékeré tó ń wọlé ni kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Ejò ilé, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Boaedon, wọ́pọ̀ gan-an: ara rẹ̀ ń dán, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́lẹ̀ méjì sì wà ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Eku àti ọmọńlé ló ń bá wọ inú ilé. Ejò ajẹyin, Dasypeltis, kò ní oró, eyín rẹ̀ kò sì tó nǹkan, àmọ́ ó máa ń fi ìpẹ́ ara rẹ̀ ha ara wọn títí yóò fi máa dún ṣììì bíi paramọ́lẹ̀. Ariwo tó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ yìí gan-an ló ń jẹ́ kí wọ́n fi igi pa á. Ejò aláwọ̀ ewé tó tẹ́ẹ́rẹ́, Philothamnus, ọ̀pọ̀lọ́ ló ń wá kiri inú ọgbà. Ọmọ erè, irú tí wọ́n ń pè ní Python regius, kì í ju 25 sí 43 sẹ̀ǹtímítà lọ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin. Bí ẹ̀rù bá bà á, á ká ara rẹ̀ jọ rogodo, á sì fi orí pamọ́ sáàárín. Ní ìlú Ouidah ní Benin, níbi tí tẹ́ńpìlì erè wà, àwọn ará ìlú tó bá rí i lójú ọ̀nà máa ń gbé e padà síbẹ̀ ni, wọn kì í pa á.

Ejò mẹ́ta ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ pé kékeré kò léwu. Ọmọ paramọ́lẹ̀ ti ní oró àti eyín rẹ̀ láti ọjọ́ tó dé ayé. Ọmọ Naja nigricollis, ejò dúdú tí í tu oró síni lójú, ti lè tu ú láti kékeré. Ẹ̀kẹta ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ jù: Atractaspis. Ó dúdú, ó ń dán, orí rẹ̀ kéré, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, ìrù rẹ̀ kúrú ó sì parí sí ṣóńṣó. Abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé, òjò ló sábà máa ń lé e jáde. Eyín oró rẹ̀ gùn, ó sì lè yọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu láìla ẹnu rárá, kó fi gún ọwọ́ tó di ọrùn rẹ̀ mú. Nítorí náà, àṣà pé ká di ẹ̀yìn orí ejò mú ṣinṣin, èyí tí fídíò pọ̀ jáǹtìrẹrẹ fi ń kọ́ni, kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀. Oògùn apa-oró EchiTAb-Plus-ICP tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà, oró ejò mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é: Echis ocellatus àti Bitis arietans, tí àwọn méjèèjì jẹ́ irú paramọ́lẹ̀, àti Naja nigricollis. Atractaspis kò sí níbẹ̀. Tí ejò kékeré bá dúdú tó sì ń dán, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án, ẹ̀yin tí ẹ mọ ejò dáadáa náà.

Ike onídèérí: 5 nínú 5

Èyí tó gba lítà 4 tàbí 5 tó fún ejò tí kò ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ. Fún ọmọ erè tó ti sanra díẹ̀, ẹ lo ti lítà 10. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò lọ́jà kí ẹ tó sanwó. Àkọ́kọ́ ni pé kí a lè rí inú rẹ̀ láti ìta. Ike ọ̀dà tó ti ṣófo pọ̀ nílé gbogbo èèyàn, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ ibi tí orí ejò wà nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí i, òórùn ọ̀dà kò sì tíì kúrò nínú rẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀kejì ni ẹnu tó fẹ̀, ó kéré tán 15 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ̀kẹta ni ìdérí tí a ń yí. Ìdérí tí a ń tẹ̀ mọ́ ọn máa ń fẹ́ agbára, ọwọ́ méjèèjì á wá wà ní ẹnu ike ní àkókò tí ejò ń gbórí sókè gan-an. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tí ike bá fún díẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀, ìdérí irú èyí á fò ṣí.

Ihò afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe é tì. Ihò 12 sí 16 tó, lára ìdérí àti apá òkè ike, kí ẹnu ihò má ju mìlímítà 2 tàbí 3 lọ. Ìṣó tí a fi iná gbóná la fi ń lu ú, láti inú bọ́ sí ìta. Tí ẹ bá lu ú láti ìta, etí ihò tó yọ ṣóṣó á wà nínú, ejò sì máa ń fi imú tẹ gbogbo ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń wọlé. Láàárín alẹ́ kan, ìpẹ́ tó wà ní ṣóńṣó imú rẹ̀ á ti bó, egbò ibẹ̀ kì í sì í tètè jinná. Ẹ fi ìka yín yí inú ike náà po kí ẹ tó lò ó. Bí ìka bá ha, ẹ fi páálí tí a fi ń ha igi dán ibẹ̀.

Bí a ṣe ń lò ó rèé. Ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá, ẹ kó ajá àti ọmọdé jáde, kí ẹnì kan ṣoṣo máa wo ejò náà láìṣíjú kúrò lára rẹ̀. Ẹ fi aṣọ dúdú bo ike láti ìdí dé ẹ̀yìn ẹnu rẹ̀, kí inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ibi tí ejò wà, kó má sì sí àlàfo láàárín ike àti ògiri. Ejò tí ẹ̀rù ń bà máa ń tẹ̀lé ògiri, ihò dúdú ló sì ń wá. Kí ẹlòmíràn wá ti ẹ̀yìn ejò, mítà kan àti ààbọ̀ sí i, kó máa fi ìgbálẹ̀ onígi gígùn kan ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ ni kó kàn, kì í ṣe ejò. Nígbà tí ìrù bá wọlé tán, ẹ fi ìgbálẹ̀ náà ti ike dìde, ẹ fi páálí pẹlẹbẹ bo ẹnu rẹ̀, ẹ gbé ìdérí lé orí páálí, ẹ fa páálí yọ, kí ẹ wá yí ìdérí.

Bí ejò bá ti ká jọ tí kò fẹ́ rìn, ẹ yí ọgbọ́n padà: ẹ fi ike dé e mọ́lẹ̀ látòkè, kí ẹ sì ti páálí líle wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti apá ibi tí ìrù wà. Páálí kàlẹ́ńdà àtijọ́ dára fún èyí, ó le, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbí ni pé etí ike máa ń tẹ ìrù tàbí ọrùn mọ́lẹ̀, torí náà ẹ yí ike díẹ̀ kí ẹ rí i pé gbogbo ara ejò wà nínú kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Inú ike, bébà rírún tàbí aṣọ kékeré kan ni kí ẹ fi sí i, kí ejò rí ibi sá pamọ́ sí. Ẹ má da omi sínú rẹ̀ ju ìdérí ìgò kan lọ. Oòrùn ló ń pa ejò inú ike ju ohunkóhun lọ: ejò kò lè làágùn, ike sì ń mú ooru sínú. Inú ọkọ̀ tó dúró sójú oòrùn, ejò lè kú kí ẹ tó ra búrẹ́dì tán. Ibi tó tutù díẹ̀, tó wà láàárín 24 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ló bá a mu.

Páìpù àti àpò: 4 nínú 5

Èyí ni a fẹ́ràn jù fún ejò tó ti wọ ẹ̀yìn fìríìjì tàbí abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ike kò lè dé. Páìpù àwọn plọ́ńbà ni, inṣi 2, tí a gé sí 60 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi fáìlì dán etí rẹ̀ méjèèjì. Ẹ fi ẹnu àpò aṣọ wọ orí ìkan, ẹ fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ dì í ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ fi tépù lé e. Ejò á wọ páìpù torí pé ó rí i bí ihò, yóò sì bá a lọ títí dé inú àpò. Àpò wà nílẹ̀ ní ìdí páìpù, ọwọ́ kò sì kan ejò rárá.

Àpò la fi ń mọ iṣẹ́ yìí sí rere tàbí búburú. Aṣọ òwú ni kó jẹ́, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù, nítorí afẹ́fẹ́. Àpò ìrọ̀rí ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí kò bá tíì gbó. Ṣùgbọ́n ẹ yí i síta, kí ojú ìránṣọ wà lóde. Òwú tó já lójú ìránṣọ máa ń lọ́ mọ́ ọrùn ejò tẹ́ẹ́rẹ́, ejò á máa yí, òwú á máa fún. Lẹ́yìn tí ejò bá wọlé, ẹ gbọn àpò díẹ̀ kó lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ fi igi ìgbálẹ̀ tẹ àpò mọ́lẹ̀ lókè ejò, kí ẹ tó yọ páìpù. Ẹ wá lọ́ ẹnu àpò, kí ẹ so ó ní kókó. Òkè kókó ni a ti ń gbé e. Ejò olóró lè bu èèyàn jẹ láti inú aṣọ, fún ìdí yìí a kì í gbé àpò mọ́ra, a kì í sì í gbé e sórí ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀. Inú ike ni kí àpò wọ̀.

Ìdí tí a fi yọ máàkì kan ni pé a ò lè rí ohun tó wà nínú àpò, tí páìpù bá sì gùn jù, ejò a dúró sí àárín rẹ̀, kò ní lọ síwájú, kò ní padà. Ẹ gbé ẹnu páìpù sókè díẹ̀ kí ẹ sì dúró. Ẹ má ṣe fẹ́ afẹ́fẹ́ ẹnu sí i, pàápàá tí ẹ ò bá mọ irú ejò tó wà níbẹ̀.

Ìkọ́: 3 àti ààbọ̀

Ọ̀pá ìkọ́ tó dára fún ejò kékeré gùn tó 90 sí 100 sẹ̀ǹtímítà, ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, irin ìkọ́ rẹ̀ kò sì ju mìlímítà 5 tàbí 6 lọ. Ẹnu ìkọ́ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4 tó. Ṣóńṣó rẹ̀ gbọ́dọ̀ pẹlẹbẹ kó lè wọ abẹ́ ejò láìhá a, kó má sì mú. Èyí tó ń yọ tó ń wọlé bí ọ̀pá redíò rọrùn láti gbé kiri, àmọ́ oríkèé rẹ̀ máa ń dẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, á sì máa yí nígbà tí ejò bá wà lórí rẹ̀. Ẹ ra èyí tó jẹ́ ẹyọ kan.

Àwọn ajórin àdúgbò lè ṣe é fún yín, ó sì máa ń dínwó. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé irin ìkọ́lé, mìlímítà 10 tàbí 12, ló wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ó wúwo, ara rẹ̀ sì ní àmì ìlà tó ń ha ikùn ejò. Ẹ sọ fún wọn pé irin dídán, mìlímítà 6, lẹ fẹ́, kí wọ́n sì fá gbogbo ẹ̀kán iná ìjórin kúrò.

Ìdá mẹ́ta àkọ́kọ́ ara ejò ni ìkọ́ ń wọ̀ lábẹ́, ká gbé e díẹ̀ kúrò nílẹ̀, ká sì jẹ́ kí ìrù rẹ̀ ṣì kan ilẹ̀ títí yóò fi dé ẹnu ike. Ó dára gan-an fún ọmọ paramọ́lẹ̀, tí ara rẹ̀ ki, tí kì í tètè sá. Fún Philothamnus kò dára rárá: yóò gun ọ̀pá náà wá bá ọwọ́ yín tàbí kó já bọ́. Ìdí tí kò fi gba 4 nìyẹn.

Ẹ̀mú: 1 àti ààbọ̀

Ẹ wo bí ẹ̀mú ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìka yín fa ohun tó wà ní ìdímú, wáyà inú ọ̀pá gbé e lọ, ẹnu irin méjì sì pàdé ní mítà kan sí yín. Láàárín, gbogbo ìmọ̀lára ti sọnù. Ẹ ò mọ̀ bóyá ẹ di ejò mú tàbí ẹ ń fọ́ ọ. Ejò ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún egungun ìhà, ti ejò kékeré kò sì nípọn ju abẹ́rẹ́ lọ. Kò sí ẹran púpọ̀ lórí wọn. Egungun tó fọ́ kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Ejò á wọ́ lọ sínú koríko, ẹni tó tú u sílẹ̀ á rò pé ó ti bọ́, ejò ọ̀hún kò sì ní lè fún ẹran mọ́ tàbí kó gbé e mì. Èyí tó rọrùn lówó jù lọ́jà ní eyín bíi ti ayùn lẹ́nu, irú tí wọ́n fi ń ṣa ìdọ̀tí nílẹ̀. A ò gbọ́dọ̀ fi kan ejò kankan.

Tí ẹ bá ti ra ẹ̀mú, ẹ má jù ú nù. Ẹ fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé ẹnu rẹ̀, kí ẹ máa fi gbé pákó, búlọ́ọ̀kù fífọ́ àti ewé gbígbẹ tó bo ejò kúrò. Ó tún wúlò fún ohun tó kàn yìí.

Gọ́ọ̀mù eku: òdo

Páálí tó ṣí bí ìwé, tí gọ́ọ̀mù wà lójú rẹ̀ méjèèjì, ni à ń sọ. Eku ni wọ́n ní ó wà fún, ejò kékeré tó sì ń lépa eku àti ọmọńlé ló ń kú sórí rẹ̀. Kò sí ohun èlò mìíràn nínú àkọsílẹ̀ yìí tó ń fìyà jẹ ejò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí eku ń yọ lẹ́nu, kó ra àgò onírin tí eku ń wọ̀, kó sì dí abẹ́ ilẹ̀kùn.

Bí ejò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ìkánjú ló máa pa á. Awọ ejò ń ya bí bébà tí a bá fà á. Ẹ fi ẹ̀mú gbé páálí náà sínú ọpọ́n tó jinlẹ̀. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ bo gbogbo gọ́ọ̀mù tó ṣì ṣófo pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ tàbí bébà ìnulé, nítorí pé ibi tó bá bọ́ lára ejò á tún padà lẹ̀ mọ́ ọn. Òróró ẹ̀pà la fi ń tú u. Epo pupa náà ń tú gọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ tàbí egbò. Kẹrosíìnì, bẹntiróòlù àti tínà kò gbọ́dọ̀ kàn án. Wọ́n ń wọ awọ lọ sínú ara, ejò tó bọ́ lọ́wọ́ gọ́ọ̀mù sì lè tún kú lẹ́yìn náà.

Síríǹjì 10 mìlílítà tí kò ní abẹ́rẹ́ ni ohun tó dára jù láti fi sẹ òróró náà. Fún ejò tó gùn tó 40 sẹ̀ǹtímítà, mìlílítà 30 sí 50 máa ń tó. Ìrù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ méjèèjì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5 sí 10 kí òróró wọ abẹ́ ikùn, kí ẹ wá fi ìdí ṣíbí ike yí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yí igi kékeré nílẹ̀. Ibi tó bá kọ̀, ẹ tún sẹ òróró sí i, ẹ tún dúró. Wákàtí kan kì í ṣe ohun tó pọ̀ jù. Orí ló kẹ́yìn: òwú tí a rì bọ òróró la fi ń nu ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò gbọ́dọ̀ wọ ihò imú.

Tí ẹ bá fura pé olóró ni, tàbí tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ má sún mọ́ orí. Ẹ da òróró yí gbogbo ara rẹ̀ ká láti ọ̀nà jíjìn, ẹ fi páálí náà dá ara tì sínú ike gíga bí àkàbà, orí ejò sí ìsàlẹ̀, ẹ dé ike, kí ẹ sì gbé e síbi tó ṣókùnkùn. Á máa fa ara rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, èyí tí kò lóró nìkan ni kí ẹ wẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan nínú lítà kan, omi náà kò gbọ́dọ̀ jìn ju kí orí rẹ̀ wà lókè lọ. Ìṣẹ́jú méjì tó, kí ẹ wá fi omi mìíràn ṣàn án. Òróró tó bá kù lára rẹ̀ á máa kó iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ìpẹ́. Ẹ jẹ́ kó sinmi nínú ike di ọjọ́ kejì, pẹ̀lú bébà àti omi nínú ìdérí ìgò.

Àwọ̀n adágún ẹja àti ti ilé adìẹ náà ń há ejò. Ìpẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ kó wọlé, kò ń jẹ́ kó padà sẹ́yìn. Ẹ gé àwọ̀n náà yí ejò ká ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà, ẹ gbé àtejò àtàwọ̀n sínú ike, kí ẹ wá máa gé okùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì kékeré tí ṣóńṣó rẹ̀ kò mú. Bí ẹ bá gé e pátápátá lórí àwọ̀n tó ṣì so mọ́ igi, ejò á sáré wọ ojú àwọ̀n mìíràn.

Ìbọ̀wọ́ aláwọ àwọn ajórin, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e: eyín paramọ́lẹ̀ lè gún un kọjá. Gíláàsì ìdáàbòbò ojú tó bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣe pàtàkì ju ìbọ̀wọ́ lọ. Bí oró bá ta sójú, omi tó mọ́ ni kí ẹ máa da sí i fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ sì lọ sí ọsibítù. Bí ejò bá bu èèyàn jẹ, ẹ yọ òrùka àti aago, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà dúró sójú kan, ọsibítù tààrà ni. Kò sí okùn dídì, kò sí gbẹ́rẹ́, kò sí òkúta dúdú.

Títú u sílẹ̀

Kí ejò tó jáde, ẹ wò ó nínú ike. Ṣé ó ń yọ ahọ́n? Ṣé ibì kan lára rẹ̀ tẹ̀ bíi wáyà tó ká? Ẹ yí ike díẹ̀ kó dojú ikùn sókè. Ejò tí ara rẹ̀ dá á yí padà lójú ẹsẹ̀. Èyí tí kò lè yí padà, tó ń la ẹnu sílẹ̀, tàbí tí ẹran inú rẹ̀ hàn, ọsibítù ẹranko ló ń lọ. Yunifásítì Ìbàdàn àti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, ní ọsibítù tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ẹranko, ẹ pè wọ́n ṣáájú kí ẹ tó gbé e dé. Tí ikùn rẹ̀ bá wú láàárín, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni. Ẹ dín ìgbọ̀nrìrì kù, kó má bì í.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí wọ́n bá gbé ejò jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣoore tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ejò mọ ihò tó ń sá sí, ó mọ ibi tí omi wà. Ìwádìí kan lórí Crotalus horridus, ejò olóró kan ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999, fi hàn pé àwọn tí wọ́n gbé lọ sí ibi tuntun rìn káàkiri ju àwọn onílé lọ, wọ́n sì kú jù wọ́n lọ. Fún ejò kékeré tí kò lóró, igbó tàbí koríko tó wà láàárín 200 mítà sí ibi tí ẹ ti rí i dára. Fún olóró, ẹ lọ ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kó kúrò níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, ṣùgbọ́n kó ṣì jẹ́ irú ilẹ̀ kan náà: ejò etí odò sí etí odò, ejò pápá sí pápá. Ẹ yẹra fún ibi tí wọ́n ti fẹ́ dáná sun igbó nígbà ọyẹ́. Erè kò sì gbọ́dọ̀ lọ sọ́wọ́ ẹni tó ní òun fẹ́ rà á: Python regius wà lára ẹranko tí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ń ṣọ́ òwò wọn, ní ìsọ̀rí kejì.

Ejò ilé àti erè, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ tú wọn sílẹ̀. Philothamnus, òwúrọ̀, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti yọ díẹ̀. Ẹ wá ibi tí igi wíwó, ewé gbígbẹ tàbí òkìtì ikán wà. Ẹ tú ìdérí díẹ̀ ní ìdúró, ẹ dá ike dùbúlẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ibi ìsápamọ́ yẹn, ẹ fi ọ̀pá ìkọ́ ti ìdérí kúrò, kí ẹ padà sẹ́yìn mítà mẹ́ta. A kì í da ejò sílẹ̀ bí omi. Bó bá lo ìdajì wákàtí nínú ike kó tó jáde, ẹ dúró dè é.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ fi ọṣẹ tí kò ní òórùn fọ ike àti àpò, ẹ sá wọn sóòrùn títí wọn yóò fi gbẹ dénú, torí pé àìsàn lè ti ara ejò kan ran òmíràn. Ẹ ye ojú ìránṣọ àpò wò, ẹ gé òwú tó bá já, ẹ fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò nínú ojú ìyí ìdérí, kí ẹ fi páálí kàlẹ́ńdà sínú ike náà kí ẹ tó gbé e pamọ́.